Òkè tó wà láàárín Saint-Jean àti Roncesvalles: ohun tí àwọn ará Ṣábẹ̀, Kétu àti Àjàṣẹ́ ń bi mí

Láti ọjọ́ tí mo ti fi àwòrán ara mi ránṣẹ́ sílé, tèmi ti ọ̀pá lọ́wọ́ àti ìkarahun, àmì àwọn arìnrìn-àjò mímọ́, lẹ́yìn àpò, fóònù mi kò sinmi. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Àjàṣẹ́, ará Kétu sì ni ìyá tó bí ìyá mi, nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ni ìbéèrè ń gbà wọlé. Mo kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ń sọ níbí, ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ òkè.

Òkè wo gan-an ni ẹ gùn?

Òkè Pyrenees, tó pààlà láàárín Faransé àti Spéìn. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí àwọn Kristẹni ti ń rìn láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún, tó lọ sí ibojì Jákọ́bù Mímọ́, àpọ́sítélì Jésù, ní ìlú Santiago de Compostela, lápá ìwọ̀-oòrùn àríwá Spéìn. Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Èyí tí èrò mọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Faransé, ọ̀pọ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Saint-Jean-Pied-de-Port, ìlú kékeré kan ní Faransé, nílẹ̀ ẹ̀yà Basque, lẹ́sẹ̀ òkè náà. Láti ibẹ̀ dé Santiago jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 780.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa gun òkè náà kọjá, ẹ ó sì sọ̀ sí Roncesvalles, ní Spéìn. Bíi kìlómítà 25 ni. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ rin Àjàṣẹ́ dé Kùtọ́nú rí ti rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àmọ́ Àjàṣẹ́ sí Kùtọ́nú tẹ́ bí àwo. Saint-Jean wà ní bíi mítà 170 sókè òkun. Ibi tó ga jù lọ́nà náà, tí wọ́n ń pè ní Lepoeder, tó bíi mítà 1,430. Roncesvalles fúnra rẹ̀ wà ní bíi 950.

Láti kékeré ni mo ti ń gun àpáta Ṣábẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi òkè dẹ́rù bà mí sí?

Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ Ṣábẹ̀ kò bẹ̀rù òkúta. Kí a tó mọ ìwé kà la ti ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán gun àpáta, tí ẹsẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn bíi ti alángbá. Ṣùgbọ́n àpáta tiwa, kí oòrùn tó mú, a ti gùn ún tán. A ó jókòó sórí rẹ̀, a ó wo ìlú, a ó sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun.

Òkè ọ̀hún kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́dà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ lápá Faransé. Kò sí ibi tí ẹ máa fọwọ́ di òkúta mú, kò sí ọ̀gbun tí ẹ máa fò. Ó kàn ń lọ sókè ni, ó ń lọ, ó ń lọ. Ẹ ó rí orí òkè kan níwájú, ẹ ó ní ‘ó parí’, ẹ ó débẹ̀, òmíràn á tún yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Kìlómítà 8 àkọ́kọ́, láti Saint-Jean dé ilé ìsinmi Orisson, ló ṣòro gùn jù. Nígbà tí mo dé Huntto, tí kò ju kìlómítà 5 lọ, mo ti ń wo ẹ̀yìn bóyá ọkọ̀ kan ń bọ̀.

Ìyá àgbà kan láti Kòríà wà lọ́nà lọ́jọ́ náà, yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ń rìn bí ẹni tó mọ̀ pé ọjà kò ní tú kí òun tó dé. Mo kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òun náà kọjá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó láti mí, òun kì í jókòó. Ó dé Roncesvalles kí n tó dé.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo èyí nìyí: ìgòkè kọ́ ló ṣe mí léṣe. Láti Lepoeder, ẹ ní láti sọ̀ bíi mítà 480 láàárín bíi kìlómítà 4, lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti lo wákàtí mẹ́fà tàbí méje. Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó lọ tààrà sọ̀ kalẹ̀ gan-an wọ inú igbó, ó tutù lábẹ́ igi, ewé jíjẹrà sì bo òkúta. Èyí tó yà sí ọ̀tún gba Ibañeta, ó gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n ó rọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi ní Saint-Jean pé kí n yà sí ọ̀tún. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, mo lọ tààrà. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ẹ̀yìn ni mo sì fi ń sọ̀ kalẹ̀ níbi méjì, bí ọmọdé tó ń sọ̀ láti orí ibùsùn. Ẹ yà sí ọ̀tún.

Wákàtí mélòó ni?

Ẹni tó ń rìn déédéé, wákàtí méje sí mẹ́sàn-án. Mo kúrò ní aago méje kọjá díẹ̀, mo dé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí òkùnkùn bà yín lẹ́rù o: ní oṣù kẹfà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́wàá alẹ́ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹni tí kò bá fẹ́ rìn ín lẹ́ẹ̀kan lè sùn ní Orisson, kí ó parí ìyókù lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ibùsùn ibẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ti gba àyè kí ẹ tó kúrò nílé, tipẹ́tipẹ́.

Ìgbà wo ló dára láti lọ?

Oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án. Oṣù keje àti ìkẹjọ gbóná, èrò sì pọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ìjọba ìpínlẹ̀ Navarra ní Spéìn máa ń ti ọ̀nà òkè pa. Ọ̀nà náà ni wọ́n ń pè ní ọ̀nà Napoléon, nítorí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ibẹ̀. Ẹni tó bá yọ́ gbà á ní àkókò yẹn lè san owó ìtanràn, ìyẹn tí yìnyín bá jẹ́ kí ó rí ẹni tí yóò san án fún.

Ọ̀nà kejì wà nísàlẹ̀, tó gba àfonífojì Valcarlos. Òun náà dé Ibañeta, tó ga ní mítà 1,057, kó tó sọ̀ sí Roncesvalles. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní ọ̀nà ọ̀lẹ. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gun kìlómítà tó kẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe wà nínú ìtàn pé ní ọdún 778, níbi òkè yìí kan náà, ni àwọn Basque ti dáná ìjà fún ẹ̀yìn ọmọ ogun Charlemagne, ọba àwọn Frank, tí wọ́n sì pa Roland, ọ̀gágun rẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn alágbára pàápàá ti kan ìyà níbẹ̀. (Nígbà tí àwọn akéwì wá kọ ọ́ lórin lẹ́yìn náà, wọ́n ní Mùsùlùmí ló pa á. Irọ́ ni.)

Ní Saint-Jean, ilé iṣẹ́ àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ wà ní rue de la Citadelle. Ẹ débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, ẹ béèrè bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ gba Valcarlos, ẹ má bá wọn jiyàn.

Ṣé òtútù ibẹ̀ ju ti ọyẹ́ lọ?

Ọyẹ́ ń gbẹ èèyàn létè ni. Èyí ń wọ egungun. Bí èèyàn bá gòkè ní ẹgbẹ̀rún mítà, ooru á dín ní nǹkan bíi díkírì mẹ́fà; ẹ wá fi atẹ́gùn kún un.

Àárọ̀ ọjọ́ tèmi mọ́ kedere. Oòrùn wà, mo ti bọ́ ẹ̀wù òkè. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ ère Màríà Wúńdíá ti Biakorri, tó dúró lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo jókòó láti gbàdúrà díẹ̀. Mo dijú. Kí n tó lajú, ìkùukùu ti dé. Kò rọra dé o, bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ bo ojú fèrèsé ni. Mi ò rí ère tí mo jókòó sí abẹ́ rẹ̀ mọ́ dáadáa. Agogo ni mo ń gbọ́, agogo ọrùn ẹran, lápá òsì, lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀, mi ò sì rí ẹran kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, orí àgùntàn kan yọ níwájú mi, ó wò mí, ó padà sínú funfun. Ìka mi ti kú kí n tó rí ẹ̀wù mi fà yọ nínú àpò, nítorí mo ti kì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ fi aṣọ òjò àti ẹ̀wù òtútù sí òkè àpò, kódà bí oòrùn bá ń ràn.

Ẹ má lọ sápá kankan tí ìkùukùu bá dé bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró lórí ọ̀dà. Lápá Spéìn, lẹ́yìn ààlà, ilé ìsádi kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Izandorre. Nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ní gbogbo Yúróòpù ni 112.

Irú bàtà wo?

Èyí tí ẹ ti wọ̀ tó oṣù méjì, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọjà ni mo ti ra bàtà òkè tèmi, àlòkù láti ìlú òyìnbó, ó ń dán, ẹni tó tà á sì búra pé bàtà sójà ni. Mo wọ̀ ọ́ rìn ní Àjàṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé fóòmù inú àtẹ́lẹsẹ̀ irú bàtà bẹ́ẹ̀ ń jẹrà fúnra rẹ̀ bí ó bá ti pẹ́ nílẹ̀ níbi tó lọ́rinrin, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Ní bíi kìlómítà 15, níbi àgbélébùú Thibault tí ọ̀nà ti kúrò lórí ọ̀dà tó bọ́ sórí koríko, tí àwọn èèyàn so ríbọ́ọ̀nù àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ya ẹnu bí ẹja àrọ̀. Kí n tó rìn ogún ìṣísẹ̀, tòsì ya tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan ló yọ tépù fàdákà kan jáde. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, ó sì ń fi tépù náà yí bàtà ká, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní òsì. Mo fi ẹsẹ̀ eégún wọ Spéìn.

Kò sí òkè ní Àjàṣẹ́, kò sì sí ní Kétu. Báwo la ṣe máa múra?

Àtẹ̀gùn. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní àjà mẹ́ta. Mo fi ìgò omi onílítà kan mẹ́fà sínú àpò ẹ̀yìn, ìyẹn kílò 6, mo sì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Tí àjà kan bá ga ní mítà 3, ẹ ó gun àjà tó lé ní 400 kí ẹ tó dé Lepoeder. Ọmọ kan tó padà wá mú ìwé rẹ̀ rí mi, ọjọ́ kejì ni gbogbo kíláàsì ti gbọ́ pé olùkọ́ àwọn ń lé nǹkan tí ojú kò rí.

Àwọn ará Kétu ní ọ̀nà oko gígùn, ẹ lò ó fún ìrìn: kìlómítà 15, lẹ́yìn náà 20, ọjọ́ méjì tẹ̀ léra. Ẹni tó bá lè dé Ṣábẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ó wá. Kí ó gbé àpò gun àpáta, kí ó sì fara balẹ̀ kọ́ sísọ̀ kalẹ̀. Ìṣísẹ̀ kúkúrú, orúnkún kó rọ̀. Ọ̀pá méjì sàn ju ọ̀kan lọ.

Ṣé mo lè gbé gàrí dání?

Èyí ni àǹtí mi ní Kétu kọ́kọ́ béèrè, kí ó tó béèrè bóyá mo ye. Mo gbé gàrí àti ẹ̀pà. Ẹran gbígbẹ àti wàgáṣì ni kí ẹ má gbé, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti òde wọ Yúróòpù.

Lẹ́yìn Orisson, ilé oúnjẹ kò sí mọ́ títí dé Roncesvalles. Ìgbà míràn ọkọ̀ kan máa ń wá ta tíì lókè, ìgbà míràn kò ní wá. Ẹ pọn omi lítà méjì ní Orisson. Ẹ̀rọ omi tó tún kù, tí wọ́n fi orúkọ Roland pè, wà nítòsí ààlà. Ibẹ̀ ni mo ti mu gàrí mi. Mo da omi tútù náà sínú ife, mo da ẹ̀pà lé e. Tọkọtaya ará Faransé kan ń wò mí bí ó ṣe ń wú, ọkọ wá béèrè bóyá ó ń hó ni. Mo fún wọn ní ṣíbí. Ìyàwó mu ún tán, ọkọ ní ó kan.

Físà ńkọ́? Owó ńkọ́?

Físà Schengen, tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ni ẹ máa gbà, èyí tó fún yín ní ọjọ́ 90, ó pọ̀ jù, nínú 180. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa pẹ́ sí jù ni ẹ máa tọ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ rìn dé Santiago, bíi oṣù kan ló máa lò ní Spéìn, ọjọ́ kan tàbí méjì péré ní Faransé, nítorí náà Spéìn ni kí ó tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Paris ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ máa bà sí. Èèyàn púpọ̀ máa ń ṣì í. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ìwé adójútòfò tó tó yúrò 30,000 jẹ́ dandan. Owó físà fún àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90, sẹ́fà 59,036, nítorí yúrò kan kò yí padà ní 655.957. Bí wọn kò bá fún yín ní físà, owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Ní ojú ọ̀nà, èmi ná bíi yúrò 45 lọ́jọ́, oúnjẹ àti ibùsùn. Láti Paris, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Bayonne, kékeré kan á sì gbé yín láti ibẹ̀ dé Saint-Jean.

Ní ààlà lórí òkè, ẹ má retí dúànù. Irin tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí ẹran má baà kọjá ni. Mo dúró, mo ń wá ẹni tí yóò wo ìwé mi. Ẹṣin kan ló wà níbẹ̀.

Mùsùlùmí ni mí, Àjàṣẹ́ ni ilé wa. Ṣé mo lè rìn ín?

Ẹ lè rìn ín, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀sìn. Ìwé ìrìnnà tí wọ́n máa ń tẹ òǹtẹ̀ sí ní gbogbo ibi tí ẹ bá sùn, ẹ ó gbà á ní Saint-Jean ní owó táṣẹ́rẹ́, ẹni gbogbo ni wọ́n ń fún. Koríko orí òkè pọ̀ tó láti kírun.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ó má baà bá yín lójijì: nínú ìjọ míràn ní Spéìn, ẹ ó rí ère Jákọ́bù lórí ẹṣin funfun, tó ń fi idà lé Mùsùlùmí, láti ayé ogun àtijọ́ wọn. Inú èmi tí mo jẹ́ Kátólíìkì kò dùn sí i.

Ẹranko búburú ńkọ́?

Àgùntàn olórí dúdú tí irun wọn ń wọ́lẹ̀, ẹṣin kúkúrú tí àwọn Basque ń pè ní pottok, màlúù. Tí ajá olùṣọ́ bá gbó, ẹ má sáré. Igún pọ̀ lójú ọ̀run, igún ńlá tí ìyẹ́ rẹ̀ nà ju mítà 2 lọ, wọ́n ń fò yípo lórí àwọn tó ń rìn. Mo fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ó ní: ‘Igún wá? Ẹbọ ti fín nìyẹn.’ Inú ìjọ ni wọ́n ti wẹ ìyá mi ní ìkókó o.

Ta ni kò yẹ kó lọ?

Ẹni tó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ SS gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa kó tó sanwó kankan. Òtútù, òùngbẹ omi àti àárẹ̀, ohun mẹ́ta tó máa ń fa ìrora rẹ̀ wá, ló péjọ sórí òkè náà. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu, bákan náà. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lè san yúrò díẹ̀ kí ọkọ̀ gbé àpò rẹ̀ lọ síwájú. Kì í ṣe ìtìjú.

Dassa ló sún mọ́ wa. Kí ló dé tí ẹ fi ná owó bẹ́ẹ̀?

Àbúrò bàbá mi ló béèrè, níwájú gbogbo èèyàn, níbi ìsìnkú. Mo ń lọ Dassa. Lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ ni mò ń bá èrò lọ sí ihò Arigbo, ibi ìrìn-àjò mímọ́ ti Màríà Wúńdíá, ẹsẹ̀ mi sì ti wú níbẹ̀ rí. Ní Dassa, ìlú la ń gbé lọ: ìlù, ìkòkò, ọmọ tí a pọ̀n, orin. Ní Pyrenees, wákàtí méjì kọjá láìsí ohùn èèyàn kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Dassa sókè nínú ìkùukùu kí n lè gbọ́ nǹkan.

Níbo lẹ sùn ní Roncesvalles?

Ilé àwọn arìnrìn-àjò wà níbẹ̀, ó tóbi, ibùsùn rẹ̀ jẹ́ 183, àwọn olùyọ̀ǹda láti Netherlands sì ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ ó bọ́ bàtà sí yàrá bàtà. Obìnrin tó gba tèmi wo tépù náà, ó wò mí, ó gbé e sórí pákó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ mú nǹkan dí etí, nítorí híhanrun.

Mísà wà ní ìrọ̀lẹ́ nínú ìjọ àtijọ́ wọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni àlùfáà ń pe àwọn arìnrìn-àjò síwájú fún ìbùkún ní oríṣiríṣi èdè. Mo fi ọwọ́ di àga mú kí n tó lè kúnlẹ̀.

Ṣé dandan ni kí èèyàn rìn dé Santiago?

Rárá. Ìwé ẹ̀rí Compostela nìkan ló ní òfin: ẹni tó fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà 100, ó kéré tán, dé Santiago, tàbí 200 lórí kẹ̀kẹ́. Òkè yìí jìnnà sí ibẹ̀, kò sì kan ìwé náà. Bí ẹ bá ń jáde ní Roncesvalles, pátákó kan wà létí ọ̀nà tó kọ ọ́ pé Santiago ku 790 (kìlómítà ọ̀nà ọkọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀). Gbogbo èèyàn ló ń ya àwòrán níwájú rẹ̀. Èmi náà yà á, pẹ̀lú sálúbàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, mo wá lọ dúró de bọ́ọ̀sì Pamplona.

Ìyá àgbà ará Kòríà nì ti lọ láti aago mẹ́fà.